Oríṣi Irin Márùn-ún Tí Wọ́n Di Ọ̀kan

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn tí ń fi irin ṣiṣẹ́ ti gbà pé oríṣi irin kan ṣoṣo ni ó gbọdọ̀ jẹ́ olórí nínú àdàlù, kí àwọn ìyókù jẹ́ èròjà díẹ̀díẹ̀. Bàbà ni olórí nínú idẹ. Irin gidi ni olórí nínú àdá àti ọkọ́.

Ìgbàgbọ́ yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Brian Cantor àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Alain Vincent, dán wò ní Yunifásítì Sussex, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí ọdún 1981. Wọ́n yọ́ 20 èròjà pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Àdàlù náà ń fọ́ wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé apá kan nínú rẹ̀ ti dọ́kan, àti pé irin, chromium, manganese, cobalt àti nickel ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tí a yọ́ àwọn márùn-ún yìí nìkan pọ̀, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan ṣoṣo. Ọdún 2004 ni àbọ̀ iṣẹ́ náà tó jáde.

Kí ni a ń pè ní dídi ọ̀kan? Ẹ jẹ́ kí a fi oúnjẹ ṣe àpẹẹrẹ. Nínú àdàlù ẹ̀wà àti àgbàdo, ojú ń rí ẹ̀wà lọ́tọ̀, ó sì ń rí àgbàdo lọ́tọ̀. Iyọ̀ tí ó yọ́ sínú omi kò rí bẹ́ẹ̀, bí iyọ̀ inú omi sì ni irin márùn-ún yìí rí. Átọ̀mù wọn tò lẹ́sẹẹsẹ ní ọ̀nà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n irú èyí tí yóò bọ́ sí ààyè kọ̀ọ̀kan kò ní ètò. Nítorí pé wọn kò tóbi dọ́gba, ìtò náà rí gbágungbàgun. Bẹ́ẹ̀ ni kí irin tó tẹ̀, ìpele átọ̀mù kan ní láti yọ̀ lórí èkejì. Ọ̀nà gbágungbàgun kì í jẹ́ kí ìyọ̀ náà rọrùn. Ibẹ̀ ni apá kan agbára rẹ̀ ti wá.

Ní ọdún 2004 kan náà, Jien-Wei Yeh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Taiwan sọ irú àdàlù bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí ó tọ́ka sí ìdàrúdàpọ̀ púpọ̀: wọ́n gbà pé bí èròjà bá ti pọ̀ tó ni dídi ọ̀kan ṣe ń rọrùn tó. Àdàlù 20 èròjà tí ó fọ́ wẹ́wẹ́ ti tako èyí ṣáájú. Irú èròjà tí a yàn ṣe pàtàkì ju iye wọn lọ.

Ohun tí ó le kì í sábà nà, ohun tí ó ń nà kì í sábà le. Òtútù a sì tún máa mú kí ọ̀pọ̀ irin fọ́ bí ìkòkò amọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi ìwọ̀n 196 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius dán àdàlù márùn-ún yìí wò. Agbára tí a fi lè fà á já fi ohun tí ó ju ìdajì lọ pọ̀ sí i, síbẹ̀ ó ń nà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà, nítorí gáàsì tí a ń kó láti Bonny lọ sókè òkun gbọ́dọ̀ tutù dé nǹkan bí 162 sísàlẹ̀ òdo kí ó tó di olómi.

Owó ni ìṣòro, pàápàá owó cobalt. Ní Düsseldorf, ní Jámánì, Zhiming Li, Dierk Raabe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ nickel kúrò pátápátá ní ọdún 2016. Wọ́n fi irin sí ìdá 50, manganese 30, cobalt 10, chromium 10. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ìtò rẹ̀ jẹ́ èyí tí kò fìdí múlẹ̀: bí a bá ti ń fà á, apá kan a yí padà sí ìtò mìíràn, a sì dí ọ̀nà mọ́ ìyọ̀. Líle àti nínà rẹ̀ pọ̀ sí i pa pọ̀, cobalt inú rẹ̀ sì ti dín sí ìdajì.