Òdòdó Ewúro
Ewé ewúro ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Àwọn tí ó mọ òdòdó rẹ̀ kò pọ̀. Igi tí a ń já léwé, tí a sì ń gé lórí nígbà gbogbo, kì í ráyè tanná.

Igi kékeré ilẹ̀ Áfíríkà ni ewúro; a máa hù létí odò, létí igbó àti lẹ́yìnkùlé. Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò ga ju ènìyàn lọ, yóò sì yọ òdòdó funfun wẹ́wẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn oyin a máa wá oúnjẹ wọn níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ a sì gbé èso rẹ̀ onírun lọ jìnnà.

Nítorí náà, ẹni tí ó gbin mẹ́wàá, kí ó dá ọ̀kan sí láìgé. Ọbẹ̀ kò ní í tìtorí ìyẹn wọ́n, oyin yóò sì rí jẹ.