Ta Ni Ó Ṣe Lọ́rì? Iṣẹ́ Àwọn Atọ́kọ̀ṣe àti Akunkọ̀ ní Accra

Bí ènìyàn bá bi ọmọ ilé-ìwé kan nílẹ̀ Yorùbá pé, "Ta ni ó ṣe lọ́rì Bedford tí ń gbé àwọn bàbá wa káàkiri?" ọmọ náà yóò dáhùn láìṣiyèméjì pé òyìnbó ni. Olùkọ́ rẹ̀ yóò sì fún un ní máàkì. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá máàkì náà dúró ná. Ìdajì ìdáhùn ni ọmọ náà rí sọ.

Ní ọdún 1931 ni ilé-iṣẹ́ Vauxhall ní Luton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe Bedford. Ṣùgbọ́n ohun tí ó máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Gold Coast, tí ó sì ń gúnlẹ̀ sí èbúté Takoradi tí a ṣí ní 1928, kì í sábà ju ẹ́ńjìnnì, táyà, imú ọkọ̀, àti ṣásí tí í ṣe egungun ọkọ̀ lọ. Kò ní ilẹ̀ tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ tẹ̀, kò ní ìjókòó, kò ní òrùlé, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní orúkọ. Ní Accra àti ní Kumasi ni a ti ń fi ẹran-ara wọ egungun náà. Gbẹ́nàgbẹ́nà, alágbẹ̀dẹ àti akunkọ̀ ni ó ń sọ ọ́ di ọkọ̀.

Àwọn Gã tí wọ́n ni Accra kò fi èyí pamọ́ nínú èdè wọn. Tsolorley ni wọ́n pe irú lọ́rì bẹ́ẹ̀: tso ni igi, èyí tí ó kù ni lọ́rì, lọ́rì onígi ni wọ́n ń wí. Àwa Yorùbá pe ti wa ní bọ́lẹ̀kájà, nítorí pé ẹnu kọ̀ndọ́kítọ̀ ni àwa ń wò, a kò wo ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Orúkọ kejì tí ó gbilẹ̀ ní Accra ni trotro, ó sì wá láti inú tro, èyí tí í ṣe tọ́rọ́ tiwa gan-an, owó ọkọ̀ ayé àtijọ́.

Kí lọ́rì tó dé, orí ènìyàn ni kòkó ń gùn wá sí etíkun. Bí kò bá jẹ́ orí, a ó kó o sínú àgbá igi ńlá, àwọn ọkùnrin a sì máa yí i lójú ọ̀nà bọ̀ láti oko. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní ni àwọn Ford kékeré láti Amẹ́ríkà gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ orí àti àgbá, nítorí wọ́n fúyẹ́ fún ọ̀nà tí kò dára. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ kíkọ́ ara ọkọ̀ ti fìdí múlẹ̀.

Igi tí wọ́n fi ń ṣe é kò ṣàjèjì sí wa. Odum tí àwọn Akan ń pè ni ìrókò wa. Wawa wọn ni arère wa. Ìrókò le, ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀. Arère fúyẹ́, ó sì rọrùn láti rẹ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ ibi tí líle yẹ àti ibi tí fífúyẹ́ yẹ. Kì í sì í fi ìṣó kan ara ọkọ̀ mọ́ ṣásí. Bóòtù ni ó fi ń dè é, kí ó lè ráyè mira díẹ̀. Ṣásí lọ́rì a máa lọ́ bí aṣọ tí a ń fún nígbà tí táyà kan bá wọ kòtò tí èkejì sì wà lókè. Bí ara ọkọ̀ bá le gbagidi, yóò là. Pákó a máa gbà fún ọ̀nà, yóò sì padà sí ipò rẹ̀. Àwọn òyìnbó kan máa ń fi ọkọ̀ onígi wọ̀nyí ṣe ẹlẹ́yà pé ó ń mi egungun ènìyàn. Òótọ́ ni pé ó ń mì í, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé nígbà tí lọ́rì bá ṣubú, pákó a máa fọ́ sí wẹ́wẹ́ lára àwọn èrò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó bá a lọ. Ṣùgbọ́n fún ọ̀nà tí ìjọba ìgbà náà là sílẹ̀, ọgbọ́n ni, kì í ṣe àìmọ̀kan.

Lẹ́yìn gbẹ́nàgbẹ́nà ni akọ̀wé ara ọkọ̀ ń dé. Sea Never Dry, òkun kì í gbẹ. Fear Woman, bẹ̀rù obìnrin. All Die Be Die, ikú kan náà ni gbogbo ikú. Obìnrin ará ìlú òyìnbó kan, Margaret Field, kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé rẹ̀ Search for Security ní 1960, nítorí ó rí i pé ìbẹ̀rù àti ìrètí onímọ́tò wà nínú wọn. Ní 1975 Kojo Gyinaye Kyei àti Hannah Schreckenbach tẹ odindi ìwé jáde ní Accra lórí wọn, wọ́n pè é ní No Time to Die. Èyí dára. Síbẹ̀, mo ṣàkíyèsí pé àwọn àlejò a máa ya fọ́tò ọ̀rọ̀ náà, wọn kì í sì í bèèrè ta ni ó ṣe pátákó tí a kọ ọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí pẹ̀lú Kane Kwei, gbẹ́nàgbẹ́nà Teshie, tí ń gbẹ́ pósí ní àwòrán ọkọ̀ Mercedes fún àwọn olówó tí ó kú. Ní 1989 wọ́n kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ibi àfihàn ńlá kan ní Paris. Ọkọ̀ tí ń gbé òkú lọ sínú ilẹ̀ dé Paris. Ẹni tí ń ṣe ọkọ̀ tí ń gbé alààyè lọ sọ́jà, ta ni ó pè é?

Ẹ jẹ́ kí a wá dúró díẹ̀ lórí àtúnṣe, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ̀ pọ̀ sí. Ní Nàìjíríà a ń pe oníṣẹ́ yìí ní panẹ́ẹ̀lì-bítà. Ní Ghana, straightener ni wọ́n ń pè é, ẹni tí ń mú wíwọ́ tọ́. Mo fẹ́ràn orúkọ tiwọn ju tiwa lọ, nítorí lílù kọ́ ni iṣẹ́ náà; ọmọdé lè lu irin. Bí a bá gbé ọkọ̀ tí ó fara gbá dé Kokompe tàbí Odawna ní Accra, ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ kì í kọ́kọ́ mú òòlù. A máa rìn yí ọkọ̀ náà ká, a máa ka ọgbẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé: ibo ni ó ti kọ́kọ́ gbá, ibo ni irin tẹ̀ ṣìkejì, ibo ni agbára náà kú sí. Ìdí ni pé láti ẹ̀yìn ni a ti ń tú u wá síwájú. Ibi tí ó tẹ̀ kẹ́yìn ni a ó kọ́kọ́ nà. Ibi tí ó kọ́kọ́ tẹ̀ ni a ó nà kẹ́yìn. Ẹni tí ó bá kánjú kọlu ibi tí ó jìn jù lọ yóò na irin náà kọjá ìwọ̀n, irin tí a bá sì nà kọjá ìwọ̀n yóò wú bí àkàrà nínú epo.

Irin tí ó wú kò gbọ́ òòlù mọ́. Bí o ti ń lù ú ni yóò máa fẹ̀ sí i. Iná ni oògùn rẹ̀. Straightener yóò fi iná gáàsì yan ojú kékeré kan tí kò ju kọ́bọ̀ lọ títí yóò fi pọ́n, yóò gbé irin kékeré sí abẹ́ rẹ̀, yóò rọra fi òòlù tẹ̀ ẹ́, yóò sì fi àkísà tútù bù ú lójijì. Nígbà tí ojú náà gbóná, ó fẹ́ fẹ̀, ṣùgbọ́n irin tútù tí ó yí i ká kò jẹ́ kí ó rí àyè, ni ó bá ki sí i. Nígbà tí ó wá tutù, ó sún kì, ó sì fa irin tí ó wà ní àyíká rẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ń fi bọ́ọ̀lù irin àti òrùka kọ́ àwọn ọmọ pé ohun gbígbóná a máa fẹ̀. Ọmọ tí ó rí ẹ̀kọ́ yìí lára ọkọ̀ lójú kò jẹ́ gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí gáàsì inú ìgò wọ́n lówó, òkúta kábáìdì ni àwọn jórinjórin ń da omi sí nínú àgbá irin láti rí gáàsì; àgbá bẹ́ẹ̀ sì lè bú gbàmù bí ìbọn bí iná bá yọ́ wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni kíkùn. A ó ha ìpáàrà kúrò títí irin yóò fi funfun, a ó dí àléébù tí ó kù, a ó fi omi àti pépà oníyanrìn fá a. Ojú kọ́ ni ó ń dá ẹjọ́ níbí, àtẹ́lẹwọ́ ni. Ọ̀gá yóò fi ọwọ́ ra ara ọkọ̀, nígbà mìíràn yóò fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí abẹ́ ọwọ́, yóò sì mọ ibi tí ojú ẹni kò tíì rí. Ọ̀dà kì í bo irọ́; bí ó ti ń dán tó ni ó ń fi gbogbo kòtò hàn. Àwọ̀ ọkọ̀ tí oòrùn ti pa kò sì sí nínú agolo kankan: akunkọ̀ ni yóò po ó, yóò tọ́ díẹ̀ wò, yóò dúró kí ó gbẹ, nítorí àwọ̀ a máa yí padà bí ó bá gbẹ, yóò tún un po. Ní òwúrọ̀ ni wọ́n fẹ́ràn láti fín ọ̀dà, kí atẹ́gùn eruku tó dìde, wọn a sì bu omi wọ́n ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Accra kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún àwa. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀ffà, ní Ìnísà, ní Èjìgbò, ilé mélòó ni kò ní ẹni tí ó ti ṣòwò ní Ghana rí? Nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, orí lọ́rì onígi wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wa kó ohun tí wọ́n rí gbé sí. Ní oṣù kìíní ọdún 1983 ìjọba Nàìjíríà ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún àwọn ará Ghana, lọ́rì ni ó sì gbé àwọn náà padà. A kò lè fi ọ̀kan ṣe ẹ̀sùn kí a gbàgbé èkejì.

Láàárín ọdún méjèèjì yìí ni iṣẹ́ náà rí ìdánwò rẹ̀. Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Ghana tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1974. Ẹ rò ó wò: bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà lápá òsì yóò máa da èrò sí àárín títì. A ní láti dí ojú kan, kí a lu òmíràn. Lẹ́yìn èyí ni owó òkèèrè tán ní Ghana, ohun èlò ọkọ̀ sì di góòlù. Ọkọ̀ tí a kò lè rà òmíràn rọ́pò rẹ̀, tí a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó kú, àwọn atọ́kọ̀ṣe ni ó gbé e ró. Ní 1980 Yunifásítì Kumasi, nípasẹ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ràn iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1972, lọ kọ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀kọ́ sí àárín àwọn atọ́kọ̀ṣe ní Suame Magazine. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni ó tọ àwọn alágbẹ̀dẹ lọ. Ẹ sọ fún mi, yunifásítì wa wo ni ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ládípọ̀?

Nígbà tí ìlẹ̀kùn ọjà ṣí padà, àlòkù ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ni ó wọlé, pàápàá Mercedes tí a ṣe fún ẹrù. Àwọn ará Kokompe gé fèrèsé sí i lára, wọ́n jó ìjókòó irin mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, ó di trotro. Lọ́rì onígi rọra pòórá kúrò ní ìgboro.

Ìyà kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí a kò gbọdọ̀ fi ìyìn bò mọ́lẹ̀. Ọ̀dà aláwọ̀ òféfèé, irú èyí tí wọ́n ń kùn sí ìbòrí táyà takisí Ghana, òjé ni wọ́n fi ń ṣe é láyé àtijọ́. Ẹni tí ó bá fá a ní gbígbẹ ń fà á símú. Àwọn ọ̀dà òde òní tí a ń po pọ̀ mọ́ èròjà kejì kí ó lè le ní kẹ́míkà kan tí à ń pè ní isocyanate. Ó lè fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ní ikọ́ fée tí kò ní lọ mọ́. Aṣọ ìnujú tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń so mọ́ imú lè dá eruku díẹ̀ dúró, kò lè dá oóru ọ̀dà dúró rárá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò mọ èyí. Ọ̀gá rẹ̀ pàápàá lè má mọ̀ ọ́n, nítorí èdè tí a fi kọ ìkìlọ̀ sára agolo kì í ṣe èdè rẹ̀.

Ní 1970 ni Ghana dá àjọ NVTI sílẹ̀ láti máa dán oníṣẹ́ ọwọ́ wò kí ó lè gba ìwé ẹ̀rí. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí, ní Accra bí ti Ìbàdàn, ṣì ń rán ọmọ tí ó fìdí rẹmi nìkan lọ sí ṣọ́ọ̀bù, bí ẹni pé irin kò nílò orí pípé. Ní ọdún 2020 Ilé Aṣòfin Ghana ṣe òfin pé kí a má ṣe kó ọkọ̀ tí jàm̀bá ti bàjẹ́ wọ̀lú mọ́. Àwọn oníṣòwò Abossey Okai fi ẹ̀hónú hàn, ìjọba sì dá ìmúṣẹ rẹ̀ dúró. Ní ọdún yẹn kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ní Accra. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn ń jáde pẹ̀lú ara wọn ní pípé, ọ̀dà wọn sì ti gbẹ. Ìjọba tí ó bá fẹ́ kí a máa ṣe ọkọ̀ nílẹ̀ wa ní láti pinnu bóyá ẹni tí ó ti fi ogún ọdún ka ọgbẹ́ irin ní Kokompe yóò wọ inú ilé-iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́, tàbí yóò dúró lẹ́yìn ọgbà rẹ̀ títí àwọn ọkọ̀ náà yóò fi kọlu ara wọn.