Sẹ́ẹ̀lì Àmì Ara Nínú Kókó Kì Í Ṣe Jẹjẹrẹ

Ní ilé ìwòsàn ńlá Korle Bu ní ìlú Àkrá, èyí tí a ṣí ní ọdún 1923 ní ìgbà Gómìnà Guggisberg, àwọn oníṣègùn kan wà tí aláìsàn kì í sábà fojú kàn. Iṣẹ́ wọn ni láti fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ ẹran ara wò, kí wọ́n sì sọ bí jẹjẹrẹ bá wà níbẹ̀.

Láàárín àwọn ènìyàn dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀ ni jẹjẹrẹ tí ń mú sẹ́ẹ̀lì tí ń pa awọ láró sábà máa ń wà. Bí ó bá ràn, kókó tí ó wà níbi tí itan ti pàdé ikùn ni ó sábà kọ́kọ́ ń dé. Nítorí náà ni a ṣe ń yọ kókó náà yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, sẹ́ẹ̀lì tí a bá níbẹ̀ kì í ṣe ti àrùn: irú èyí tí ń di àmì dúdú lásán lára ènìyàn ni, kì í sì í pani lára.

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Báwo ni a ṣe ń dá wọn mọ̀? Ibùjókòó ni a kọ́kọ́ ń wò. Sẹ́ẹ̀lì àmì ara sábà máa ń wà nínú èèpo tí ó bo kókó. Ti jẹjẹrẹ a máa wọ abẹ́ èèpo náà àti inú kókó gan-an. Lẹ́yìn èyí ni ìrísí. Ti àmì ara kéré, wọ́n sì jọra. Ti jẹjẹrẹ sábà máa ń tóbi, wọn kì í dọ́gba, wọ́n sì ń pín.

Bí iyèméjì bá kù, a óò lo aró. Aró S-100 ń mú àwọn méjèèjì, nítorí náà kò lè yà wọ́n. HMB-45 sábà máa ń mú ti jẹjẹrẹ, kì í sì í sábà mú ti àmì ara. Ki-67 ń fi hàn bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín tó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè dá ṣe ẹlẹ́rìí. A ní láti fi wọ́n wé àrùn tí a yọ lẹ́sẹ̀ aláìsàn náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Bí a bá pe àmì ara ní jẹjẹrẹ, aláìsàn lè gba ìtọ́jú líle tí kò tọ́ sí i, pẹ̀lú ìbẹ̀rù tí kò nídìí. Bí a bá sì pe jẹjẹrẹ ní àmì ara, ó lè la ẹ̀mí lọ. Nítorí náà, bí oníṣègùn bá ní kí ẹlòmíràn tún kókó náà wò kí òun tó fọhùn, kì í ṣe àìmọṣẹ́, ìṣọ́ra ni.