Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Sàláàdì fẹ́nẹ́lì tútù àti ọsàn

Ní Sicily, ní Ítálì, ìgbà òtútù ni ewébẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fẹ́nẹ́lì àti ọsàn máa ń pọ̀ lọ́jà, wọ́n sì máa ń pa wọ́n pọ̀ ṣe sàláàdì. Ìdí fẹ́nẹ́lì tó wú bí àlùbọ́sà ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ gé e kó fẹ́lẹ́ gan-an; tó bá nípọn, á le jù lẹ́nu. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi yìnyín fún ìṣẹ́jú 10, á sì máa dún lẹ́nu bẹ́ ẹ bá ń rún un. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ fi ọsàn tẹ́ ẹ ti bó awọ funfun rẹ̀ kúrò, èso ólífì dúdú, iyọ̀, àti òróró ólífì sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi máyọ́nẹ́ẹ̀sì bo òórùn dídùn fẹ́nẹ́lì mọ́lẹ̀. Ewé wínníwínní orí fẹ́nẹ́lì ńkọ́? Ẹ má dà á nù, ẹ rẹ́ ẹ sórí sàláàdì náà.