Gìtá Tó Ń Ta: Ìlànà Yíyan Gìtá Oníná fún Orin Jùjú

Ìfáàrà

Lílù ni Yorùbá ń lu ìlù, fífun ni wọ́n ń fun fèrè, ṣùgbọ́n títa ni wọ́n ń ta gìtá. Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí bá irú ohùn kan mu gan-an: ohùn tó mọ́ gaara, tó bẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí ọfà tó kúrò lórí ọsán, tí kì í sì í pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Irú ohùn yìí ni ọ̀pọ̀ olórin jùjú ń wá nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ra gìtá oníná. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ibi tí ohùn náà ti ń wá, kí ẹni tó fẹ́ náwó má baà fi àwọ̀ gìtá tàbí orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan ṣe òdiwọ̀n.

Ìdí tí ohùn náà fi ṣe pàtàkì

Nǹkan bí ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè mú gìtá oníná wọ inú orin jùjú. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ olórin jùjú ti ń fẹ̀ sí i. Nígbà tí King Sunny Adé gbé àwo Juju Music jáde ní ọdún 1982, gìtá mélòó kan ló ń dún pọ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ta gbólóhùn kúkúrú tirẹ̀, ìlù sì ń sọ̀rọ̀ láàárín wọn. Bí ohùn gìtá kọ̀ọ̀kan bá wúwo, tó sì ń fà gùn, wọn yóò da ara wọn rú, wọn yóò sì bo ìlù àti akọrin mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá adùn etí. Èdè olóhùn ni Yorùbá. Bí olórin bá fi gìtá pa òwe tàbí ki oríkì gẹ́gẹ́ bí onílù ti ń ṣe, ohùn àti bí sílébù ṣe ń tẹ̀léra ni olùgbọ́ yóò fi mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ohùn ló ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ìró sílébù kan kò bá tíì rọlẹ̀ kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀, ohùn òkè yóò wọnú ohùn ìsàlẹ̀, ìtumọ̀ yóò sì pòórá.

Ibi tí ohùn ti ń wá

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ní wíwò ni píkọ́ọ̀pù, ìyẹn ẹ̀yà tó wà lábẹ́ okùn gìtá. Irin òòfà ni, tí wọ́n fi wáyà bàbà tín-ín-rín wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn irin bá gbọ̀n lókè rẹ̀, iná kékeré yóò ṣàn nínú wáyà náà lọ sí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde. Píkọ́ọ̀pù tó ní ìdì wáyà kan ṣoṣo máa ń gbé ohùn òkè jáde dáadáa. Irú rẹ̀ ló wà lára gìtá Fender méjì tó lókìkí: Telecaster, tó gba orúkọ yìí ní 1951, àti Stratocaster, tó jáde ní 1954. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń gba ariwo iná mọ́ra. Láti pa ariwo yìí ni Seth Lover ti ilé-iṣẹ́ Gibson fi ṣe humbucker ní 1955, tó ní ìdì wáyà méjì. Ariwo dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ lára ohùn òkè bá a lọ.

Ibi tí píkọ́ọ̀pù wà tún ṣe pàtàkì. Nítòsí bíríìjì, níbi tí okùn ti jókòó lé ara gìtá, ohùn máa ń mú ṣáṣá. Nítòsí ọrùn, ó máa ń rọ̀.

Gígùn okùn ló tẹ̀ lé e. Ínṣì 25½ ni Fender sábà máa ń lò. Ti Gibson jẹ́ nǹkan bí ínṣì 24¾. Bí okùn méjì bá nípọn bákan náà, tí ìró wọn sì dọ́gba, èyí tó gùn jù ló máa ń le jù, ó sì máa ń tètè dá ìka lóhùn.

Òógùn àti ìdọ̀tí máa ń pa ohùn òkè lára okùn tó ti gbó. Wáyà tó gùn jù láàárín gìtá àti ẹ̀rọ náà máa ń gé e kù. Nítorí náà, ó yẹ kí olórin pààrọ̀ méjèèjì kó tó dá gìtá lẹ́bi. Ní ti igi tí wọ́n fi gbẹ́ gìtá, àríyànjiyàn ṣì wà lórí ipa rẹ̀. Ti píkọ́ọ̀pù hàn kedere jù ú lọ.

Bí a ṣe ń dán an wò

Gìtá tó dún kíkún nígbà tó dá wà nílé ìtajà lè sọnù láàárín ìlù àti gìtá mìíràn, èyí tó dún fẹ́lẹ́ sì lè bọ́ sí àyè rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó dára kí ẹni tó fẹ́ rà á yan píkọ́ọ̀pù ẹ̀gbẹ́ bíríìjì, kó sì fi gìtá ta òwe kan tí tilétoko mọ̀, nígbà tí ìlù ń lọ lọ́wọ́. Kí ẹnìkejì tó kọ ẹ̀yìn sí i sọ òwe tó gbọ́. Bí onítọ̀hún bá dá òwe náà mọ̀, gìtá náà kúnjú ìwọ̀n fún orin jùjú, ì báà wọ́n, ì báà pọ̀.