Kí ẹ tó rán kúbùsù fún àánú, ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti màámi rán kúbùsù mẹ́fà láti inú ègé ańkárá. Télọ̀ ni màámi, ègé aṣọ kì í wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Ilé ìwòsàn kan la fẹ́ kó wọn lọ, sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́jú ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan tí wọ́n bí ní oṣù keje, ọmọ náà sì yè. A ní ká fi kúbùsù dúpẹ́. Oṣù méjì gbáko la fi rán an, lálaalẹ́, lẹ́yìn tí màámi bá ti parí iṣẹ́ oníbàárà.

Nígbà tí a débẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fọwọ́ pa ọ̀kan nínú wọn lára, ó ní ó dára gan-an. Ó wá ká a padà sínú báàgì, ó gbé báàgì náà fún màámi.

"Ẹ má bínú, Mà. A ò lè fi èyí bo àwọn ọmọ wa."

Ká má parọ́, inú bí mi. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa kọ ọ́ síbí pé àwọn kan kò mọyì oore. Ọpẹ́lọpẹ́ màámi tó fa àga, tó jókòó, tó sì béèrè pé, "Ọmọ mi, kí ló dé tí kò fi ṣeé ṣe?" Èsì tí obìnrin yẹn fún wa ló jẹ́ kí n kọ èyí tí ẹ ń kà yìí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín náà ló wù láti fi ọwọ́ ara yín ṣe nǹkan fún ẹni tó nílò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo ti kọ́, kó má baà ṣe yín bó ṣe ṣe wá.

Kúbùsù wo là ń sọ gan-an?

Irú kúbùsù yìí ni òyìnbó ń pè ní quilt. Ipele mẹ́ta ló ní. Ti òkè ni èyí tí ojú ń rí, ìyẹn ègé aṣọ oríṣiríṣi tí a gé, tí a sì rán mọ́ ara wọn. Ti àárín ni òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń mú ooru dúró. Ti ìsàlẹ̀ ni aṣọ kan tó fẹ̀ dáadáa. A ó wá rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láti òkè já sísàlẹ̀, kí òwú àárín má baà ṣù jọ sójú kan tí a bá fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà la ó fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ di etí rẹ̀ yípo.

Ẹni tó bá ti wo aṣọ eégún dáadáa mọ̀ pé dída ègé aṣọ pọ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ohun tó jẹ́ tuntun sí mi ni òwú àárín yẹn, àti bí àwọn tó ń rán an nílẹ̀ òkèèrè ṣe sọ ọ́ di ọ̀nà láti ṣàánú.

Ìdí tí nọ́ọ̀sì fi dá wa padà

Ohun mẹ́ta ló sọ. Àkọ́kọ́, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò lágbára láti fi ọwọ́ ti aṣọ kúrò lójú. Tí kúbùsù bá yọ̀ bo imú rẹ̀, kò lè mí, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ké. Kì í sì í ṣe ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé nìkan. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, sọ ọ́ kedere pé kí wọ́n má fi kúbùsù tàbí ìrọ̀rí sí ibi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ń sùn. Ewu pé kó dí ọmọ lémi wà níbẹ̀, ewu pé kí ooru pọ̀ jù lára rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀.

Ìkejì ni ìmọ́tótó. Ara àwọn ọmọ yẹn kò tíì lè bá kòkòrò àìsàn jà. Aṣọ tó bá máa wọ ẹ̀ka yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n lè fi omi gbígbóná fọ̀ léraléra, kó sì tètè gbẹ. Kúbùsù onípele mẹ́ta kì í tètè gbẹ, pàápàá nígbà òjò.

Ẹ̀kẹta ló yà mí lẹ́nu jù. Àyà ìyá ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yẹn ti ń rí ooru gbà. Wọ́n á gbé ọmọ sí àyà ìyá rẹ̀, ara ọmọ á kan ara ìyá, wọ́n á sì fi aṣọ dè é mọ́ ọn. Ìtọ́jú Kangaroo ni wọ́n ń pè é. Ìlú Bogotá, lórílẹ̀-èdè Colombia, ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1978, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i fún àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Nọ́ọ̀sì ní, "Mà, tó bá jẹ́ pé aṣọ ìdèmọ́yà lẹ rán wá, àti fìlà kéékèèké, mi ò ní jẹ́ kí ẹ gbé wọn kúrò níbí."

Ẹ wò ó, ojú ẹsẹ̀ ni ìbínú mi tán. Obìnrin yìí kò kọ oore wa o. Ọmọ ló ń dáàbò bò. Àwa la rán ohun tó wù wá, a sì rò pé ó gbọ́dọ̀ wu ẹlòmíràn.

Bí àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ ṣe ń ṣe é

Nígbà tí mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi kúbùsù ṣàánú. Mo rí i pé kò sí èyí tó kàn ń rán an bó ṣe wù ú.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bọ́ǹbù Jámánì ń wó ilé ní Lọ́ńdọ̀nù àti láwọn ìlú míì ní Ìlú Ọba. Àwọn obìnrin Kánádà kóra jọ, wọ́n ń rán kúbùsù fún àwọn tí ilé wọn ti wó àti fún ilé ìwòsàn. Red Cross ti Kánádà ló ń bá wọn kó o sọdá òkun. Wọ́n á rán léébù kékeré kan mọ́ ọn tó sọ pé ẹ̀bùn Red Cross Kánádà ni. Ẹni tó rán an kò mọ ẹni tó máa bò ó, ṣùgbọ́n ohun kan dá a lójú: ẹni tí ilé rẹ̀ ti wó nígbà òtútù nílò ohun tó máa fi bora.

Ní 1995, obìnrin kan ní ìpínlẹ̀ Colorado, Karen Loucks, ka ìtàn ọmọdébìnrin kan tó ní àrùn jẹjẹrẹ. Oògùn líle ni wọ́n ń fún ọmọ náà, kúbùsù rẹ̀ ló sì ń dì mú tí ara bá ń ni ín. Loucks bẹ̀rẹ̀ sí í wá kúbùsù àfọwọ́ṣe fún àwọn ọmọ tó wà ní ibi ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan ní Denver. Bí Project Linus ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Linus ni ọmọ inú àwòrán ẹ̀fẹ̀ Peanuts tí kì í fi kúbùsù rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kúbùsù tí ẹgbẹ́ náà ti pín ti ju mílíọ̀nù 8 lọ. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kó jẹ́ àfọwọ́ṣe, kó jẹ́ tuntun, kó sì ṣeé fọ̀.

Ti àwọn sójà náà wà. Ní 2003, ọmọkùnrin Catherine Roberts wà lójú ogun ní Iraq. Ìyá yìí fojú inú rí ọ̀dọ́ sójà kan tó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì lóru, tí ìrònú ń dà láàmú. Ó tún rí i tí wọ́n fi kúbùsù wé e, tí ọkàn rẹ̀ wá balẹ̀. Bó ṣe dá Quilts of Valor sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn sójà tó ti gba kúbùsù lọ́wọ́ wọn ti ju 300,000 lọ. Ẹgbẹ́ yìí ní òfin o: kúbùsù kò gbọ́dọ̀ kéré sí ìǹṣì 55 ní 65, kò gbọ́dọ̀ ju 72 ní 90 lọ, ó sì gbọ́dọ̀ ní léébù. Àgbàlagbà ló máa fi wé ara. Bí ẹsẹ̀ bá yọ síta, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Àní láwọn ẹ̀ka ọmọ tí oṣù wọn kò pé ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, àwọn kan máa ń rán kúbùsù wá. Ṣùgbọ́n orí àpótí agbómọró ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí látòkè, kí iná má baà tàn sí ọmọ lójú. Kì í kan ọmọ lára.

Yorùbá ní ẹni tó bá fẹ́ yáni lẹ́wù, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ẹni tó fẹ́ gbà ni òwe yẹn ń kìlọ̀ fún. Èmi fẹ́ yí i padà díẹ̀ fún àwa tó fẹ́ fúnni: ẹ wo ọrùn ẹni tó máa wọ ẹ̀wù náà.

Tí ẹ bá fẹ́ rán tiyín

Ẹ kọ́kọ́ pe ibi tí ẹ fẹ́ gbé e lọ, tàbí kí ẹ lọ síbẹ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ orí àwọn tó máa lò ó, iye tí wọ́n jẹ́, bí bẹ́ẹ̀dì wọn ṣe tóbi tó, àti bí wọ́n ṣe ń fọ aṣọ níbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fún ọmọ mẹ́ta nínú ọmọ mẹ́wàá tó ń gbé pọ̀, ẹ tún un rò. Ìjà lẹ fẹ́ dá sílẹ̀ yẹn.

Ẹ lo aṣọ òwú. Ańkárá dára. Àdìrẹ náà dára, ṣùgbọ́n ẹ fọ̀ ọ́ títí aro ara rẹ̀ kò fi ní ṣí mọ́. Ẹ má lo léèsì, ẹ má fi bọ́tìnnì tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, torí ọmọdé lè já a kó gbé e mì. Gbogbo aṣọ ni kí ẹ fọ̀ kí ẹ tó gé e, kó má lọ sún kì lẹ́yìn tí ẹ bá ti rán an tán.

Èyí tí màámi ń rán fún ọmọ tó ti ń rìn jẹ́ ìǹṣì 36 ní 48. Ẹ gé ègé 48, kí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ ìǹṣì 6 àti ààbọ̀ ní ìbú àti òró. Tí ẹ bá rán wọn pọ̀, ẹ jẹ́ kí etí tí abẹ́rẹ́ fi sílẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́rin ìǹṣì kan. Ègé kọ̀ọ̀kan á wá ku ìǹṣì 6. Mẹ́fà lọ sí ìbú, mẹ́jọ lọ sí òró, ó parí. Ẹ fi áyọ̀ọ̀nù lọ̀ ọ́ dáadáa.

Aṣọ ìsàlẹ̀ àti òwú àárín gbọ́dọ̀ fi ìǹṣì méjì ju ti òkè lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ańkárá yáàdì kan ààbọ̀ á tó fún ìsàlẹ̀. Ẹ tò wọ́n léra, ẹ fi pín-ìnnì mú wọn, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í rán an láti àárín lọ sí etí. Tí ẹ bá ti etí bẹ̀rẹ̀, aṣọ á ká jọ sí àárín. Kí ìlà tí ẹ rán má jìnnà síra ju ìǹṣì mẹ́rin lọ. Ẹ gé etí rẹ̀ kó dọ́gba, ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ dì í.

Níkẹyìn, ẹ ka pín-ìnnì yín. Tó bá jẹ́ 60 lẹ fi mú un, 60 gbọ́dọ̀ padà sínú agolo. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ kúbùsù náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ fà á wò. Ibi tó bá máa tú, ọwọ́ yín ni kó ti tú.

Ṣé kò sàn kí n kúkú fún wọn lówó?

Nígbà míì, ó sàn bẹ́ẹ̀. Ègé aṣọ lè jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n owó la fi ń ra òwú àárín, àkókò náà sì lówó lórí. Tí ẹ bá béèrè tí wọ́n ní pampers àti ọṣẹ ni àwọn nílò, ẹ ra pampers àti ọṣẹ, jàre.

Ọ̀nà kan tún wà tí kúbùsù fi lè di owó. Ní oṣù Kejìlá 1917, nígbà tí Amẹ́ríkà ti wọ Ogun Àgbáyé Kìíní, ìwé ìròyìn àwọn obìnrin kan tó ń jẹ́ The Modern Priscilla gbé irú kúbùsù kan jáde tí wọ́n lè fi pa $1,000 fún Red Cross. Ẹni tó bá fẹ́ kí orúkọ òun wà lára kúbùsù náà á san owó díẹ̀, wọ́n á sì fi òwú kọ ọ́ sí i. Ẹ wò ó bí ẹgbẹ́ yín bá ṣe irú rẹ̀: ègé 48, orúkọ kan lórí ìkọ̀ọ̀kan ní ₦1,000, ìyẹn ti di ₦48,000. Kúbùsù ṣì wà níbẹ̀ tí ẹ lè tà.

Ibi tí kúbùsù wa já sí

A tẹ ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ aláìlóbìí kan láago. A béèrè gbogbo ìbéèrè tó yẹ ká ti béèrè látilẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọmọ márùn-ún tó ti tó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn, òtútù ọyẹ́ sì ń mú wọn lóru. Wọ́n gba márùn-ún nínú kúbùsù wa. Wọ́n dá ẹ̀kẹfà padà torí màámi ti fi bọ́tìnnì ṣe òdòdó sí i lára.

Fún ẹ̀ka àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, a rán aṣọ ìdèmọ́yà mẹ́wàá àti fìlà ogún. Ọjọ́ mẹ́rin péré la fi ṣe é. Nọ́ọ̀sì kan náà ló gbà á. Ó tú báàgì, ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kó gbogbo rẹ̀ wọlé.

Nígbà tí a ń bọ̀, mo bi màámi bóyá inú wọn ti dùn báyìí. Wọ́n ní inú àwọn dùn, ṣùgbọ́n ká ní a ti béèrè látilẹ̀ ni, àwọn ì bá ti sùn dáadáa fún oṣù méjì. Kúbùsù olódòdó yẹn, bẹ́ẹ̀dì wọn ló wà báyìí. Àwọn fúnra wọn ló ń bò ó.