Ilé Ìwòsàn Tó Ń Kọ́ Àwọn Arìnrìn-àjò Láti Rọra Gòkè

Ní abúlé Pheriche lórílẹ̀-èdè Nepal, níbi tó ga tó nǹkan bíi mítà 4,300, àwọn dókítà kì í dúró de aláìsàn. Ní àsìkò ìrìn òkè, wọ́n máa ń pe àwọn tó ń lọ sí ibùdó ẹsẹ̀ òkè Everest jọ lọ́sàn-án, kí wọ́n lè là wọ́n lọ́yẹ̀ nípa àìsàn orí òkè.

Ẹgbẹ́ Himalayan Rescue Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, ló ni ilé ìwòsàn kékeré yìí. Wọ́n tún ní òmíràn ní Manang, lójú ọ̀nà Annapurna. Àwọn dókítà tó ń yọ̀ǹda ara wọn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Iṣẹ́ wọn ṣe kókó, nítorí ọkọ̀ òfurufú ti mú kí gígòkè yá jù. Ènìyàn lè jí ní Kathmandu, ní mítà 1,400, kó sì balẹ̀ sí Lukla, tó ga ju mítà 2,800 lọ, kí oòrùn tó mú. Ìpín ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ kì í yí padà; afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń fẹ́lẹ́ sí i bí a ṣe ń gòkè. Ní ibùdó Everest, ní mítà 5,364, ọ́síjìn tí ènìyàn ń mí símú kò ju bí ìdajì ti ará etíkun lọ. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, èébì á máa gbéni, oorun á dá. Ẹni tó bá ṣe orí kunkun, omi lè kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ sì lè wú, títí á fi máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí.

Ara líle kò gba ènìyàn lọ́wọ́ àìsàn yìí. Ọjọ́ ni ara ń fẹ́: mímí á kọ́kọ́ yá sí i, nígbà tó bá sì di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i. Èyí ló ń gbé àwọn eléré ìje lọ sí Iten ní Kenya, ní nǹkan bíi mítà 2,400. Ní ìdíje Òlíńpíìkì 1968 ní Mexico City, tóun náà wà lórí òkè, Kip Keino àti Naftali Temu, ọmọ ilẹ̀ olókè Kenya, gba góòlù nínú eré mítà 1,500 àti 10,000.

Ìmọ̀ràn Pheriche kò lọ́jú pọ̀. Téèyàn bá ti kọjá mítà 3,000, kí ibi tó máa sùn má fi ju mítà 500 lọ ga ju ti àná, kó sì sinmi fún odindi ọjọ́ kan lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Oògùn acetazolamide ń jẹ́ kí òkè tètè mọ́ ara lára. Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti le, àpò ńlá kan wà tí wọ́n ń tẹ́ aláìsàn sí, tí wọ́n á fi afẹ́fẹ́ kún títí inú rẹ̀ á fi dà bí ilẹ̀ tó rẹlẹ̀. Ìrọ̀rùn wákàtí díẹ̀ nìyẹn. Dandan ni kí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Àìsàn náà kò yọ àwọn alábàárù sílẹ̀, torí púpọ̀ wọn wá láti àfonífojì, tí aṣọ òtútù wọn kò sì tó. Owó tí àwọn àlejò ń san ló ń jẹ́ kí àwọn yìí àti ará abúlé rí ìtọ́jú gbà ní owó pọ́ọ́kú.